Níwájú Ẹ̀rọ Apọwó ní Rye Lane
Bí mo ti tò sẹ́yìn ìyá àgbà kan, ọmọ Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, níwájú ẹ̀rọ apọwó ní Rye Lane, Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ̀rọ náà bi wọ́n bóyá náírà ni kí òun fi ṣírò owó wọn tàbí pọ́n-ùn. Mo sì yára wí pé, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú pọ́n-ùn,” nítorí pé bí a bá mú náírà, ẹni tó ni ẹ̀rọ ni yóò bá wa dá iye pàṣípààrọ̀, ó sì sábà máa ń wọ́n ju ti báńkì ẹni lọ. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Káàdì náírà wọn mú mi rántí ọdún 2022, nígbà tí ọ̀pọ̀ báńkì Nàìjíríà dín ohun tí káàdì náírà lè ná lókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, tí àwọn mìíràn sì dá a dúró pátápátá. Ó dùn mí dé akínyẹmí ara, pàápàá nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Màmá ká owó wọn, wọ́n so ó mọ́ etí ìró, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n sì yà sí ìsọ̀ ẹlẹ́ja.