Ọlọ́pàá Tó Bọ́ Aṣọ Ìjọba Sílẹ̀

Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ girama n'Ìbàdàn, láàárín àwọn ọdún 1960, ibi méjì ni ìwé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń dé ọwọ́ wa. Ẹni tó rí àgbà tó lè dúró fún un yóò lọ yá a ní yàrá ìkàwé British Council. Àwa tó kù ń lọ bá àwọn tó ń ta ìwé àlòkù ní Dùgbẹ̀. Orí àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, wàá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wàá máa ṣà á bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà.

Ti James Hadley Chase ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà, René Raymond ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ Amẹ́ríkà ni gbogbo ìbọn inú ìwé rẹ̀ ti ń dún. Ọjọ́ ti lọ kí n tó mọ̀ pé inú máàpù àti ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìta ló ti ṣa Amẹ́ríkà yẹn jọ. Èèpo ìwé rẹ̀ ni wàhálà. Obìnrin tí kò wọṣọ tán ló sábà máa ń wà níbẹ̀, bí ọ̀gá tó ń mójú tó ilé wa bá sì ti fojú kàn án, ó di tiwọn nìyẹn. A kò rí i kí wọ́n dáná sun ọ̀kankan nínú wọn o. Ti Agatha Christie kò ní irú ìyẹn. Ó lè jẹ́ òdòdó kan, agbárí kan, tàbí ìgò oògùn. Ọ̀gá á gbà á, wọ́n á yí i síwá sẹ́yìn, wọ́n á dá a padà. Bí mo ṣe di ọmọ ẹ̀yìn ìyá àgbà Gẹ̀ẹ́sì yẹn nìyẹn.

Ọ̀kan wà tí n kò lè gbàgbé, The Murder of Roger Ackroyd, tó jáde ní 1926. Nígbà tó máa fi dé yàrá wa, ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ni ẹnìkan bá mú abẹ ìfárí, ó pín in sí mẹ́ta kí ènìyàn mẹ́ta lè máa kà á pọ̀. Ẹni tó bá ka apá kìíní tán á máa ṣọ́ ẹni tí apá kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọba wa ni ẹni tó di apá kẹta mú. Ó ti mọ ẹni tó pa ọkùnrin náà, àwa kò mọ̀. Ó ní ká bu gaàrí fún òun, a bù ú. Ó ní ṣúgà dà, a fi ṣúgà sí i. Ó wá ní kí n lọ pọn omi ìwẹ̀ òun, ibẹ̀ ni mo ti kọ̀. Lálẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n paná tán, ó dìde dúró lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ké orúkọ ẹni náà síta gbàǹgbà. Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. A ní irọ́ ló ń pa, kò lè jẹ́ ẹni yẹn láéláé. Bí olúkúlùkù ṣe ka ìwé náà dé òpin nìyẹn, tó sì bá orúkọ yẹn gan-an níbẹ̀. N kò ní dá a síbí, nítorí ẹni tí kò tíì kà á. Obìnrin náà gbé òtítọ́ ka iwájú wa láti ojú ewé kìíní, ẹnìkan tún fi ariwo là á mọ́lẹ̀ fún wa, síbẹ̀ a kò gbà. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó mọ̀ọ́kọ ló mọ irú iṣẹ́ yẹn ṣe.

Ìgbà tí mo di olùkọ́ ni mo tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìtàn ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀ kà. Torquay, ìlú etíkun kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n bí i sí ní 1890. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní ó lọ ṣe nọ́ọ̀sì, nígbà tó yá wọ́n gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń po oògùn ní ọsibítù. Ibẹ̀ ló ti mọ májèlé. Ó rí i pé ohun tó ń wo aláìsàn sàn náà ló ń rán an sọ́run bí ọwọ́ apoògùn bá yẹ̀ díẹ̀. Lọ́jọ́ kan, apoògùn kan tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ yọ nǹkan dúdú kan lápò, ó ní ṣé ó mọ̀ ọ́n. Curare ni, májèlé tí àwọn ọdẹ apá Gúúsù Amẹ́ríkà fi ń kun ọfà. Kí ló ń fi í ṣe lápò? Ó ní bí òun bá ti ń gbé e kiri, ó ń ṣe òun bí ẹni pé òun lágbára. Christie kò sọ nǹkan kan, àmọ́ kò gbàgbé. Ó lé ní ogójì ọdún kí ọkùnrin yẹn tó yọjú nínú ìwé rẹ̀, The Pale Horse, ní 1961.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìwé yẹn kan náà kún un kí n tó máa lọ. Thallium ni májèlé inú rẹ̀, ó sì kọ gbogbo àmì rẹ̀ sílẹ̀ fínnífínní, pàápàá bó ṣe máa ń mú irun orí re dànù. Ní 1977, wọ́n gbé ọmọ kékeré kan láti Qatar wá sí ọsibítù Hammersmith ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, wọn kò mọ ohun tó ń ṣe é. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú rẹ̀ ń ka The Pale Horse lọ́wọ́. Ó rí i pé irun ọmọ náà ń re, ó wò ó, ó wo ìwé, ó lọ bá àwọn dókítà. Wọ́n ṣe àyẹ̀wò, wọ́n bá thallium lára ọmọ náà, ara ọmọ sì padà yá. Àwọn kan ṣì máa ń sọ fún mi pé ìwé ìtàn kò wúlò fún ohunkóhun.

Ẹ̀gbọ́n Christie obìnrin ló kọ́kọ́ fín in níràn, tó ní kò lè kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nídìí oògùn yẹn náà ló ti ro ìwé àkọ́kọ́ rẹ̀ jọ, The Mysterious Affair at Styles. Àwọn atẹ̀wé kan kọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ Bodley Head ló gbà á níkẹyìn, ìyẹn lẹ́yìn tó ti sùn lọ́dọ̀ wọn fún nǹkan bí ọdún méjì, wọ́n sì ní kó yí orí ìparí padà. Ilé ẹjọ́ ló fi orí náà sí, níbi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń ro gbogbo àlàyé lórí ìdúró ẹlẹ́rìí. Adájọ́ wo ni yóò dákẹ́ máa gbọ́ irú ìyẹn? Ó kó wọn kúrò ní kóòtù, ó kó wọn sínú yàrá ìgbàlejò, gbogbo wa sì mọ̀ pé yàrá ìgbàlejò yẹn ni ọ̀pọ̀ ìwé rẹ̀ ń parí sí láti ìgbà náà. Ọdún 1920 ni ìwé náà jáde. Pọ́n-ùn 25 ló rí gbà nídìí rẹ̀, ó sì ti tọwọ́ bọ ìwé pé òun yóò kọ márùn-ún sí i fún wọn. Ohun tó dùn mọ́ ọn jù ni pé ìwé ìròyìn àwọn apoògùn yìn ín, wọ́n ní ó mọ májèlé rẹ̀.

Ìtàn bó ṣe di àwátì fún ọjọ́ mọ́kànlá ní 1926, tí gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń tú igbó wá a, wọ́n ti kọ ọ́ jù, ẹ jẹ́ ká fi obìnrin náà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí mo fẹ́ràn ni pé kò ní tábìlì ìkọ̀wé. Àwọn oníròyìn á dé, wọ́n á ní àwọn fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ níbi tó ti ń kọ̀wé, kò ní rí ibi kankan mú wọn lọ. Tábìlì tí kò bá ti ń mì, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè jókòó lé, ti tó o. Nígbà tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ kejì, Max Mallowan, lọ sí Nimrud nílẹ̀ Iraq, níbi tí wọ́n ti ń wú nǹkan àtijọ́, ìpara ojú rẹ̀ ló ń fi nu ìdọ̀tí kúrò lára eyín erin tí wọ́n bá hú jáde.

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó dá, Hercule Poirot, ogunléndé láti Belgium ni. Àwọn ará Belgium tí ogun lé wá sí Torquay ni Christie rí tó fi ronú kàn án. Ọlọ́pàá tó ti fẹ̀yìn tì sì ni. Ọ̀rọ̀ ìfẹ̀yìntì yìí kò jọ mí lójú nígbà tí mo jẹ́ ọmọdé. Ọdún 1969 ló tó yé mi, nígbà tí Àjà Ló Lẹrù jáde.

Olùkọ́ ni Alàgbà Ọládẹ̀jọ Òkédìjí tí wọ́n kọ ìwé náà, ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, ọdún 1929 ni wọ́n bí wọn. Kí Àjà Ló Lẹrù tó dé, inú igbó pẹ̀lú iwin àti ẹbọra ni ìwé ìtàn Yorùbá tí a fẹ́ràn jù ń gbé, Fágúnwà ló ṣe ìyẹn, kò sì sẹ́ni tó lè ṣe é bíi tirẹ̀. Òkédìjí mú Lápàdé wọ mọ́tò, wọ́n gbé e sójú títì, wọ́n ní kó máa lépa àwọn tó ń ṣòwò igbó, igbó tí wọ́n ń fà símú. Lápàdé ti ṣe ọlọ́pàá rí, ó ti kúrò níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi là. Ta ni yóò rí aṣọ ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ nígbà yẹn tí kò ní sọ pé òun kò rí nǹkan kan, òun kò gbọ́ nǹkan kan? Àmọ́ ẹni tó ti bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀, tó ṣì mọ gbogbo ọgbọ́n rẹ̀, ó lè jókòó tì ọ́ nídìí ẹmu, wàá sì sọ̀rọ̀. Ó lè bú ọ̀gá ọlọ́pàá lójú ara rẹ̀ pẹ̀lú, bí Lápàdé ṣe ń bá Audu Kàrímù fà á. Poirot kò jẹ́ bú ẹnikẹ́ni ní tirẹ̀, àmọ́ òmìnira kan náà ni wọ́n jọ ní.

Mo ka ìwé náà sókè fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bí a bá ti dé ibi tí Lápàdé àti Tàfá, ẹnìkejì rẹ̀, ti ń pa òwe fún ara wọn, wọn kì í jẹ́ kí n kọjá. Wọ́n á ní kí n padà sẹ́yìn. Nígbà tó yá, apá ọ̀tún kíláàsì di Lápàdé, apá òsì di Tàfá, èmi di ẹni tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín. Ìyá ẹlẹ́kọ kan wà tó máa ń gbé igbá rẹ̀ sí abẹ́ fèrèsé wa. Lọ́jọ́ kan tí mo kọ́ wọn ní gírámà dípò ìwé kíkà, ìyá yìí dá mi dúró nígbà tí mo ń lọ sílé, wọ́n ní, “Tíṣà, ṣé wọn ò tíì pa Lápàdé ṣá?”

Ohun tí ìyá yẹn béèrè ni ìyàtọ̀ àárín Òkédìjí àti Christie. Bí o bá yọ orúkọ apànìyàn kúrò nínú ìwé Christie, kò ku nǹkan púpọ̀ mọ́. Nínú ìwé Òkédìjí, ó pẹ́ tí a ti fura sí ẹni ibi. Bí Lápàdé yóò ṣe yọ ló ń já wa láyà, àti ohun tí ẹnu rẹ̀ yóò sọ bó bá yọ tán. Ẹni tó tọ ọ̀nà Christie láàárín wa ni Alàgbà Kọ́lá Akínlàdé, tí wọ́n kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Akin Olúṣínà ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwọn, Túndé Atọ́pinpin ni ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ní ìwé wọn kò dùn tó ti Òkédìjí lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ọmọ tó bá ka Akínlàdé á kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ènìyàn, a sì nílò ìyẹn náà.

Bí ẹ̀dá inú ìwé bá ti wu ènìyàn, wọn kì í fẹ́ kó lọ. Ìwé ìtàn gígùn 33 ni Christie kọ nípa Poirot. Ó sú u pátápátá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ di arúgbó láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tó ti fẹ̀yìn tì kí 1920 tó dé, ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ ní 1970. Nítorí bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá obìnrin kan sílẹ̀ nínú ìwé, Ariadne Oliver, òǹkọ̀wé ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó kórìíra ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tirẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Finland kan tí àwọn òǹkàwé kò jẹ́ kó jáwọ́ nínú rẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí bọ́ǹbù ń já lu Lọ́ńdọ̀nù, Christie jókòó, ó kọ ìwé ìkẹyìn Poirot, Curtain, ó tì í mọ́ inú àpótí irin, ó fi ta ọmọ rẹ̀ obìnrin lọ́rẹ kó lè rí owó ná bí ogun bá gbé òun lọ. Ogun parí, kò mú un jáde. Ọdún 1975 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. The New York Times kéde òkú Poirot lójú ewé àkọ́kọ́ bí ẹni pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ni. Oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e ni Christie náà kú.

A jiyàn lórí ikú Poirot ní yàrá olùkọ́ títí agogo fi lù. Ẹnìkan ní kò yẹ kó pa á, pé kí ó kàn fi í sílẹ̀ síbi tó wà. Ẹlòmíràn ní bí ènìyàn bá fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ láàyè, ẹlòmíràn á gbé e, á bà á jẹ́. Èmi wà lẹ́yìn ẹni kìíní. Mo ní kí wọ́n wo Òkédìjí. Lẹ́yìn Àjà Ló Lẹrù, Àgbàlagbà Akàn dé ní 1971, Lápàdé tún wà níbẹ̀. Ní 1973, eré ni wọ́n kọ, Rẹ́rẹ́ Rún, lórí ìjà àwọn òṣìṣẹ́. Wọn kò pa Lápàdé, wọ́n kàn gba ibòmíràn lọ.

Ní 1981, mo gbọ́ pé ìwé ìtàn tuntun ti Òkédìjí ti jáde, Atótó Arére. Owó oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni, mo lọ rà á. Mo ṣí i, mo ń wá Lápàdé, n kò rí i. Mo yẹ àárín wò, n kò rí i. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àlàbá ni mo bá, tí ayé ń tì í síhìn-ín tì í sọ́hùn-ún, tó sì ń bàjẹ́ lọ lójú mi. Inú bí mi, àfi bí ẹni pé wọ́n rẹ́ mi jẹ. Kí n tó ka ìwé náà dé ìdajì, n kò rántí ẹni tí mo ń wá mọ́.