Ní Ti Òwú Tí A Fi Ń Rán Àpò Awọ

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá fẹ́ ra àpò awọ, a mọ ohun tí yóò ṣe. Yóò fi ọwọ́ pa awọ náà, yóò gbé e sí imú, yóò ṣí i, yóò pa á dé, lẹ́yìn náà ni yóò bèèrè iye tí a ń tà á. Láti ọdún púpọ̀ tí àwa ti ń fi ọwọ́ rán àpò nínú ilé wa ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí iṣẹ́ òòjọ́ bá ti parí, a kò ì tíì rí oníbàárà mẹ́ta tí ó bi wá léèrè pé irú òwú wo ni a fi rán an. Bẹ́ẹ̀ ni kò yà wá lẹ́nu, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí ó wọ inú àpò, òwú ni owó rẹ̀ kéré jù. Owó awọ ni ó wúwo, owó ìdè irin a tẹ̀lé e, òwú a sì wà ní ìsàlẹ̀ ìwé ìṣirò bí ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Àwọn díẹ̀ tí ó tilẹ̀ ń ronú nípa òwú a máa rò pé èyí tí ó le jù lọ ni ó dára jù lọ. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Òwú ní láti le tó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó le ju awọ tí ó ń dì lọ. Òwú tí ó já, a lè fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ nínú ihò àtijọ́ kan náà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ṣùgbọ́n awọ tí òwú ti gé ya kò ní ibi tí a ó tún ti gún un ní abẹ́rẹ́ mọ́.

Ìyá kan ń bẹ ní Ìbàdàn tí ó ń gba owó àjọ lọ́wọ́ àwọn obìnrin ọjà. Ojoojúmọ́ ni ó ń gbé àpò kọ́ èjìká láti ìsọ̀ dé ìsọ̀. Àpò náà dára lójú, ẹ̀rọ ni a fi rán an, owó tí ìyá náà sì fi rà á kò kéré. Ní ọjọ́ kan ní ìgbà òjò, nígbà tí ó dé ilé tí ó fẹ́ ka owó, ó rí i pé ìsàlẹ̀ àpò ti ṣí sílẹ̀ tó ìwọ̀n ìka mẹ́rin, ìdì owó kan sì ti bọ́ sí ọ̀nà. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ni owó náà. Ó ta aṣọ òkè rẹ̀ méjì, ó san án pé, ó sì gbé àpò náà wá fún wa láti tún un ṣe. "Owó tí ó ń wọ inú rẹ̀ kì í ṣe tèmi," ni ó wí fún wa. "Bí ó bá tún ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn?"

A tú àpò náà wò lórí tábìlì. Ọ̀nà méjì ni ó ti bàjẹ́, ọ̀kan kò sì jọ èkejì rárá.

Ní ìsàlẹ̀, òwú tín-ín-rín bí èyí tí a fi ń rán bùbá ni wọ́n lò. Omi òjò ti wọ inú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti jẹrà. Rírán ti ẹ̀rọ sì mú kí ọ̀ràn náà burú sí i. Òwú méjì ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀rọ: ọ̀kan wà lókè, èkejì wà nísàlẹ̀, wọ́n sì ń kọ́ ara wọn láàárín. Elias Howe, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1846, àwa kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára, nítorí òun ni ó rán aṣọ tí ń bẹ ní ara wa. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan nínú òwú méjèèjì bá já lójú kan, èkejì kò ní ohun tí yóò dì mọ́ níbẹ̀ mọ́, ojú rírán náà a sì máa tú lọ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀. Rírán ti ọwọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Òwú kan ṣoṣo ni, tí a fi abẹ́rẹ́ sí orí rẹ̀ méjèèjì. Abẹ́rẹ́ kan gba inú ihò lọ sí apá ọ̀tún, èkejì gba inú ihò kan náà wá sí apá òsì, a fa méjèèjì ṣinṣin, a sì tún lọ sí ihò kejì. Bí ìgbésẹ̀ kan bá já ní iwájú, ti ẹ̀yìn ṣì wà nínú ihò tí ó di awọ mú, títí ẹni tí ó ni àpò yóò fi rí i tí yóò sì gbé e lọ fún àtúnṣe.

Ìbàjẹ́ kejì wà ní ibi tí okùn ìgbékọ́ ti dì mọ́ ara àpò. Níbẹ̀, ẹni tí ó ṣe é mọ̀ pé ẹrù yóò wúwo, ó sì fi òwú náílọ́ọ̀nù tí ó le koko rán an, pẹ̀lú ìgbésẹ̀ kéékèèké tí ó sún mọ́ ara wọn bí ojú ihò tí ó wà láàárín sítáǹbù lẹ́tà. Òwú náà kò já o! Ó wà bí a ti fi í síbẹ̀. Awọ ni ó ti ya lọ láti ihò dé ihò, tí okùn náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àpò. Bí kì í bá ṣe pé ìsàlẹ̀ kọ́kọ́ ṣí, gbogbo àpò náà ni ì bá ti ṣubú sílẹ̀ láàárín ọjà.

A ti rí iṣẹ́ àtijọ́ láti ọwọ́ àwọn oníṣọ̀nà awọ ìlú Ọ̀yọ́, àwọn tí ń ṣe tìmùtìmù àti làbà tí àwọn oníṣàngó ń gbé kọ́ èjìká. Ní etí òmíràn nínú wọn, kì í ṣe òwú ni a fi dì í, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni a gé tí a fi hun ún. Ẹ wo ọgbọ́n tí ń bẹ nínú èyí: awọ ni ó ń di awọ mú, kò sí èyí tí ó le ju èkejì lọ, bí ọ̀kan bá sì ti ń gbó ni èkejì ń gbó pẹ̀lú rẹ̀.

Nígbà náà, irú òwú wo ni kí a lò? Òwú oko tiwa, èyí tí àwọn ìyá wa ń ran, dára fún aṣọ inú àpò, a kò sì ní lò ó fún ohun mìíràn, nítorí omi àti òógùn a máa jẹ ẹ́.

Ọ̀gbọ̀ ni àyànfẹ́ wa. Ẹni tí ó bá ń ka Bíbélì mọ orúkọ rẹ̀. Ara igi ewéko kan ni a ti ń yọ fọ́nrán rẹ̀, àwọn ará Ireland sì mọ iṣẹ́ rẹ̀ dájú. Ní Lisburn, ìdílé Barbour bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òwú ọ̀gbọ̀ ní ọdún 1784, ọdún 2006 ni a sì tó ti ilé iṣẹ́ wọn ní Hilden pa. Ọ̀gbọ̀ kì í nà púpọ̀, a máa jókòó sínú ihò bí ẹni tí ó bá ilé rẹ̀, bí omi bá sì kàn án, ṣe ni ó tún ń le sí i. Ṣùgbọ́n bí a bá ká àpò tútù sínú àpótí, èébu yóò mú un. Bí ẹ bá rí 18/3 lára ìká òwú yìí, 3 ni iye fọ́nrán tí a lọ́ pọ̀, 18 sì ń sọ bí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan ti tín-ín-rín tó. Bí nọ́ńbà yìí bá ti ń pọ̀ sí i ni fọ́nrán ń tín-ín-rín sí i. Èyí a máa da orí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú, nítorí wọn a máa rò pé 25 nípọn ju 18 lọ.

Náílọ́ọ̀nù, tí Wallace Carothers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Amẹ́ríkà ní 1935, le lóòótọ́, kì í sì í jẹrà. Àléébù rẹ̀ ni pé a máa nà bí a bá fi ẹrù kọ́ ọ, oòrùn a máa sọ agbára rẹ̀ di aláìlera, kókó tí a bá sì ta sí i a máa yọ̀. Pólíẹ́sítà dé lẹ́yìn rẹ̀. Whinfield àti Dickson ni ó ṣe é ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1941. Kì í nà tó náílọ́ọ̀nù, ó sì fara da omi àti oòrùn jù ú lọ. Nítorí náà, fún ẹni tí òjò yóò pa àpò rẹ̀, àwa a máa gbé ọ̀gbọ̀ sẹ́yìn, a ó sì mú pólíẹ́sítà, ṣùgbọ́n a kò jẹ́ mú èyí tí ó nípọn. Fún awọ tí ó tó mìlímítà méjì, òwú tí ó nípọn tó 0.8 mìlímítà tó gẹ́ẹ́. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà tàbí méje nínú ínṣì kan náà tó. Ẹni tí ó bá ṣe mẹ́wàá fún ẹwà ojú ń pèsè ibi tí awọ yóò ti ya ni.

Àwọn àgbà a máa wí pé ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà ni okùn ń tọ̀. Ní ti iṣẹ́ awọ, òwú ni kí ẹ kọ́kọ́ yàn, kí ẹ tó wá abẹ́rẹ́ tí ó bá a mu, kí ẹ sì wá ìlu tí yóò lu ihò tí kò tóbi ju àwọn méjèèjì lọ. Ẹ wọn ojú ibi tí ẹ fẹ́ rán, kí ẹ sì gé òwú ní ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀. Bí kò bá ti ní ìda lára láti ilé iṣẹ́ wá, ẹ fà á kọjá lórí ìda oyin nígbà méjì tàbí mẹ́ta. Nǹkan bí ìwọ̀n 63 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ìda oyin ń yọ́, nítorí náà oòrùn lásán kò lè yọ́ ọ, ṣùgbọ́n ìfọwọ́rà àtàǹpàkò tó láti mú un rọ̀ wọ inú fọ́nrán.

Ní ti àpò ìyá alájọ, a gé etí awọ tí ó ti ya kúrò, a fi awọ tuntun tẹ́ ẹ ní abẹ́, a lu ihò tuntun níbi tí awọ rẹ̀ ṣì gbó dáadáa, a sì fi pólíẹ́sítà rán ìsàlẹ̀ àti okùn rẹ̀. Àpò náà kúrú díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin wa fẹ́ fi òwú pupa rán an kí ó lè hàn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí a má pe ojú ayé sí ibi tí owó wà. Òwú dúdú ni a lò. Ó ṣì ń gbé e lọ sí ọjà. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ó ń mú un wá, tí a sì ń fi èékánná tẹ̀ lé ojú rírán rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń lọ ra òwú ní ọjà, kí ó má ṣe gba ọ̀rọ̀ ẹnu ẹni tí ń tà á gbọ́. Kí ó bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí òun gé ìwọ̀n ìka kan, kí ó sì fi iná ràn án. Ọ̀gbọ̀ àti òwú oko a máa jó bí ìwé, a sì di eérú. Náílọ́ọ̀nù àti pólíẹ́sítà a máa yọ́ di kókó líle bí ìlẹ̀kẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni a ń pè ní ọ̀gbọ̀ tí ó ń di ìlẹ̀kẹ̀ nínú iná. Bí ẹni tí ń tà á bá kọ̀ kí a gé e, ìsọ̀ mìíràn ń bẹ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.