Bàlúù Wákàtí Kan

Láti Èkó dé Accra jẹ́ nǹkan bí 400 kìlómítà, tí a bá fa okùn tààrà láti pápákọ̀ òfurufú kan sí èkejì. Bàlúù ń lò tó wákàtí kan, nígbà mìíràn kì í pé bẹ́ẹ̀. A mọ̀ ọ́n dáadáa, torí àwa la kọ prógíráàmù tó ń ṣírò rẹ̀ fún oníbàárà wa kan. Tọkọtaya ni wá, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà la jọ kà ní yunifásítì, òun náà la sì fi ń jẹun nínú yàrá kan lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní Creek Road, níbi tí Apapa ti fẹ́ di Ajégúnlẹ̀.

Ìṣirò náà ò le. Ẹ mú ibi tí ìlú kọ̀ọ̀kan wà lórí máàpù, ẹ ka ayé sí bọ́ọ̀lù tó jẹ́ 6,371 kìlómítà láti àárín dé ara, ẹ ṣírò ọ̀nà tó tẹ̀ lé ara bọ́ọ̀lù náà. Kí ẹ wá fi eré bàlúù pín in, bíi 800 kìlómítà ní wákàtí kan. Tẹ́ ẹ bá dúró síbẹ̀, Accra á di ìdajì wákàtí, irọ́ sì ni. Bàlúù ń rìn nílẹ̀, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi máa ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kún un. Agogo tún wà ńbẹ̀ o: ti Accra fi wákàtí kan rẹ̀yìn sí tiwa. Ẹni tó gbéra ní Èkó láago mẹ́jọ lè débẹ̀ kí aago ṣì jẹ́ mẹ́jọ. Ẹni tó ń bọ̀ wálé ni wákàtí ń sọnù mọ́ lọ́wọ́.

Lọ́dún 2018, bàbá wa kú ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Mùsùlùmí ni wọ́n, òkú wọn ò gbọdọ̀ pẹ́ nílẹ̀. Àbúrò wa tó wà ní Accra rí bàlúù aago mẹ́sàn-án tiwọn, ó balẹ̀ sí Ìkẹjà láago mọ́kànlá tiwa. Ààfáà gbà láti dúró di ẹ̀yìn ìrun Àsárì.

Tí a bá tún fa okùn yẹn, Ìkẹjà sí ọ̀dọ̀ wa ò ju nǹkan bí 16 kìlómítà lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Apapa ìgbà yẹn ti mọ ìyókù. Tírélà tó ń dúró de èbúté Apapa àti Tin Can tò dé orí bíríìjì. Àwọn awakọ̀ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń sá aṣọ sára rẹ̀. Takisí já àbúrò wa sílẹ̀ ní Ìjọra. Ọ̀kadà gbé e díẹ̀, kò rọ́nà mọ́. Ó bọ́ bàtà sọ́wọ́, ó ń gba àárín tírélà kọjá, ó ń pè wá lórí fóònù: “Mo ti dé Wharf Road. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé wọn o.”

Ìgbà tó fi bá wa níbi sàréè, wọ́n ti ń da erùpẹ̀ sí i. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ní February 2021, wọ́n gbé ètò tí tírélà fi ń gba àyè lórí íntánẹ́ẹ̀tì jáde: kí ọkọ̀ dúró ní ibùdó títí wọn ó fi pè é. Ọgbọ́n gidi ni, lójú àwa tá à ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Oníbàárà wa ní tòun, àkókò bàlúù nìkan lòun fẹ́. A fún un. Ṣùgbọ́n a ṣe òmíràn fún ara wa, tó máa ń kọ́kọ́ bèèrè pé apá ibo l'Ékòó. Àbúrò wa ń lò ó. Tó bá ń bọ̀ wá ṣe àdúrà ọdún bàbá, alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ló máa ń wọ̀lú.