Ìtọ́jú Dàdá, Ìtọ́jú Orí

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, ṣùgbọ́n orí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pe ọmọ ní Dàdá. Orúkọ àmútọ̀runwá ni. Bí Àìná ṣe gbé ìwọ́ kọ́rùn wá sáyé, tí Ìgè sì mú ẹsẹ̀ wá ṣáájú, bẹ́ẹ̀ ni irun Dàdá ṣe ta kókó fúnra rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ́ ọ. Samuel Johnson kò gbàgbé rẹ̀ nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1921. Ó kà á mọ́ àwọn orúkọ tí ọmọ ń mú tọ̀run wá.

Lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti gbòòrò sí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó sanwó fún onídìrí kí ó lè bá a lọ́ irun, olórin régè, ọmọlẹ́yìn Rastafari, gbogbo wọn ni ará ìgboro ń pè ní onídàdá. Èyí tí ọmọ gbé wáyé àti èyí tí àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn ti ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ìyìn tí ó wà fún ti àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ bá a dé ọ̀dọ̀ èkejì. Ìfura ni ó sábà máa ń bá a dé.

Kò sí ohun àràmàǹdà nínú bí irun ṣe ń di dàdá. Irun adúláwọ̀ a máa ká lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Lójoojúmọ́ ni irun bí 50 sí 100 ń já bọ́ lórí ènìyàn. Lórí ẹni tí ó ń ya irun, òòyà ni ó ń kó àwọn tí ó já lọ. Lórí ẹni tí kò fi òòyà kàn án, irun tí ó já kò rí ọ̀nà jáde. Yóò wé mọ́ èyí tí ó ṣì fi gbòǹgbò múlẹ̀, títí tí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ìdì kan. Ìwọ̀n bíi sẹ̀ǹtímítà kan ni irun ń gùn lóṣù. Ìdí nìyẹn tí dàdá tí ó kan èjìká fi jẹ́ iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó sì fi ń gba sùúrù ju owó lọ.

Ṣùgbọ́n àlàyé yìí kò sọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń bu ọlá fún un. Olówó ẹyọ ni wọ́n ń ki Dàdá, wọ́n a sì máa so owó ẹyọ mọ́ irun rẹ̀. Wọn kì í fi òòyà yà á. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kàn án láìjẹ́ ará ilé ní láti fún ọmọ náà lówó. Wọ́n a máa se ẹ̀wà, wọ́n a sì pe àwọn ọmọdé àdúgbò jọ láti bá a jẹ ẹ́. Bí ó bá di pé kí wọ́n gé e, ọ̀pọ̀ ìdílé a máa lọ sí etí odò pẹ̀lú ètùtù; wọn kì í da irun náà nù, inú ìkòkò ni wọ́n ń kó o pamọ́ sí pẹ̀lú omi, kí wọ́n lè fi wẹ ọmọ náà bí ara rẹ̀ kò bá yá. Ìtàn Ọ̀yọ́ pàápàá ní tirẹ̀ nínú. Dàdá ni orúkọ mìíràn tí Aláàfin Àjàká, ẹ̀gbọ́n Ṣàngó, ń jẹ́. Oníwà pẹ̀lẹ́ ni ìtàn pè é, òun sì ni òwe ń bá wí pé Dàdá kò lè jà, ṣùgbọ́n ó ní àbúrò tí ó gbójú. Ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, àwọn ọlọ́rìṣà ṣì ń rántí rẹ̀ pẹ̀lú adé Báyànní tí wọ́n fi owó ẹyọ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́.

Yorùbá nìkan kọ́ ni ó mọ irun yìí. Àwọn Igbo náà ń pè é ní dada, orúkọ tí àwọn kan nínú wọn sì ń sọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni Ezenwa, ìyẹn ọmọ tí ó jẹ́ ọba. Láàárín àwọn Akan ní Gánà, mpesempese ni wọ́n ń pè é, ó sì jẹ́ àmì tí wọ́n fi ń mọ àwọn àwòrò òrìṣà. Ní Sẹ̀nẹ̀gà, àwọn Baye Fall, ọmọlẹ́yìn Ṣéèkì Ibrahima Fall, ń fi irun bẹ́ẹ̀ sin Ọlọ́run nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù. Ẹni tí ó bá ń sọ pé irun Jàmáíkà ni a yá wá kò wo ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ dáadáa. Ní àwọn ọdún 1930 ni ẹgbẹ́ Rastafari ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Síbẹ̀, ìfura náà wà. Irun tí ó ta kókó lórí wèrè ojú títì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí. Nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ Nàìjíríà jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020 láti tako ẹ̀ka ọlọ́pàá SARS, ara ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí wọn lọ́rùn ni pé wọ́n ń dá ènìyàn dúró lójú ọ̀nà nítorí dàdá tàbí nítorí ara fínfín. Ní Gánà, ilé ìwé Achimota kọ̀ láti gba àwọn ọmọ Rastafari méjì ní ọdún 2021 àfi bí wọ́n bá gé irun wọn. Kóòtù Gíga ní Accra dá ẹjọ́ náà ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbà wọ́n wọlé.

Ọ̀pọ̀ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í dé kóòtù. Yàrá ìgbàlejò ni wọ́n ti ń parí rẹ̀. Obìnrin olùkọ́ kan wà ní Ìbàdàn tí ọmọkùnrin rẹ̀ kejì jẹ́ dàdá. Ní gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé kejì-kejì ni ó ń fọ orí ọmọ náà. Ọṣẹ dúdú tí ó ti pò mọ́ omi ni ó ń lò, nítorí èyí tí ó bá ṣù máa ń há sínú irun. Ó ń ṣàn án títí omi yóò fi mọ́, ó sì ń jẹ́ kí oòrùn gbẹ ẹ́ dénú, nítorí dàdá tí ó bá tutù sùn yóò máa rùn. Lẹ́yìn èyí ni yóò fi òrí díẹ̀ pa àtàrí rẹ̀. Kì í lọ́ ọ le, nítorí ó ti rí àwọn tí irun iwájú orí wọn fà tu. Lálẹ́, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni ó fi ń wé e. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín orí ọmọ yìí àti orí wèrè kò ju ọwọ́ ìyá yìí lọ.

Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́fà, ìwé dé láti ilé ìwé pé kí wọ́n gé irun náà kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Pásítọ̀ ìjọ wọn ní kí wọ́n mú un wá, kí òun gbàdúrà sí i kí wọ́n tó fá a. Baba ọmọ fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà tán kíákíá. Ìyá ní kò sí ẹni tí yóò fi abẹ kan orí ọmọ òun. Ìyá ọkọ rẹ̀, tí ó ti tọ́ ọmọ dàdá méjì rí, wá láti Ọ̀yọ́. Ó gbọ́ ti olúkúlùkù tán.

“Ìyàwó mi, gbogbo yín ti sọ tẹnu yín,” ni ó wí. “Ẹni tí ó ni orí ńkọ́?”

Láti ìgbà tí ìwé ti dé, kò sí ẹni tí ó bi í. Ìyá àgbà pè é mọ́ra. “Olówó ẹyọ, kí ni o fẹ́ kí á ṣe sí orí rẹ?”

Ọmọ náà wolẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. “Màmá Àgbà, ẹ jẹ́ kí ó wà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí wọ́n máa fà á mọ́ ní kíláàsì.”

Ọ̀rọ̀ abẹ ni àwọn àgbà ń sọ. Ọwọ́ àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ni ó ń dun ọmọ. Ọjọ́ yẹn ni ìtumọ̀ owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni tí ó fi ọwọ́ kan dàdá yé ìyá náà. Owó náà kọ́ ni ó ṣe pàtàkì. Ẹni tí ó mọ̀ pé òun yóò sanwó kò ní í na ọwọ́ láìkọ́kọ́ béèrè. Òfin ni ó jẹ́, tí ó ń dáàbò bo ẹni kékeré tí kò tíì lè sọ pé rárá.

Òun àti baba ọmọ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé náà. Wọ́n fẹnu kò pé kí wọ́n máa di irun náà sẹ́yìn, kí ó máa mọ́ tónítóní, kí olùkọ́ sì kìlọ̀ fún kíláàsì pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kàn án. Pásítọ̀ gbàdúrà fún ọmọ náà, kò sì bèèrè abẹ mọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ọmọ náà fúnra rẹ̀ ní òun fẹ́ kí wọ́n gé e, nítorí bọ́ọ̀lù tí ó ń gbá àti ooru. Wọ́n gé e. Ìyá se ẹ̀wà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Ìyá àgbà kó irun náà sínú ìkòkò, ó gbé e lọ sí Ọ̀yọ́.

Ilé ìwé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìmọ́tótó, ìdílé sì ní ẹ̀tọ́ láti di ẹ̀sìn tirẹ̀ mú. Ibi tí méjèèjì ti sábà máa ń kùnà ni pé wọ́n ń bá ara wọn jà lórí irun, bí ẹni pé kò sí orí lábẹ́ rẹ̀. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní orúkọ àmútọ̀runwá lè má ṣe ju pé kí wọ́n ka Táíwò, Àìná àti Dàdá sórí fún ìdánwò. Yóò dára bí ó bá tún lè sọ ohun tí orúkọ Dàdá ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó yí i ká: kí wọ́n bi í kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kí wọ́n bá a fọ̀ ọ́ kí ó mọ́, kí wọ́n sì gbà fún un ní ọjọ́ tí ó bá ní kí wọ́n gé e.