Bí mo ṣe pa fídíò ìyá àgbà mi rẹ́, àti server tí mo tún kọ́ ní Bẹyẹrúnkà

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. 🧵

Kọ̀ǹpútà kan wà nílé wa ní Bẹyẹrúnkà tí kò ní ojú, tí kò ní kíbọ́ọ̀dù, tí kì í sì í sùn. Abẹ́ àtẹ̀gùn ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò gàrí màmá mi. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń ṣe: ó ń bá mi tọ́jú fídíò. Èmi ń pè é ní server. Màmá mi ń pè é ní "ẹ̀rọ tó ń jẹ iná wa".

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, ọwọ́ ara mi ni mo fi pa ohùn ìyá àgbà mi rẹ́ lórí ẹ̀rọ yẹn. Kì í ṣe NEPA. Kì í ṣe olè. Èmi ni.

Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ àti ohun tí mo ṣe lẹ́yìn ẹ̀, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ló wà lójú ọ̀nà tí mo wà nígbà yẹn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi mí ni pé, "Kí ló dé tí o ò kó wọn sórí Google Drive?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Fídíò 4K tí kámẹ́rà mi ń ká máa ń gba nǹkan bíi 45GB fún wákàtí kan. Tí mo bá jáde lọ́jọ́ ọdún Òkè'Bàdàn, tí mo ká wákàtí mẹ́ta láti Ọjà'ba dé Bẹẹrẹ, 135GB nìyẹn.

Tí íntánẹ́ẹ̀tì mi bá ń gbé e lọ ní megabit 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, wákàtí 60 ló máa gbà. Ọjọ́ méjì àbọ̀! Íntánẹ́ẹ̀tì wo ni kì í já fún ọjọ́ méjì àbọ̀ ní Ìbàdàn yìí? A ò tíì dé orí owó data o.

Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ́ tèmi ní 2022, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí agùnbánirọ̀. Kọ̀ǹpútà àlòkù ni mo rà, RAM ẹ̀ jẹ́ 8GB, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ki hard drive 4TB méjì bọ inú ẹ̀, mo gbé Linux sórí ẹ̀, mo sì so àwọn méjèèjì pọ̀ bí ìbejì. Ohun tí mo bá kọ sí Táyé, Kẹ́hìndé náà á kọ ọ́ sílẹ̀. Tí ọ̀kan bá kú, èkejì ṣì wà.

RAID ni wọ́n ń pe irú ètò bẹ́ẹ̀. David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ló gbé ọ̀rọ̀ ẹ̀ jáde nínú ìwé kan ní Amẹ́ríkà ní 1988. Èmi náà kà nípa ẹ̀, mo ní, "Ẹ̀n ẹ́n, ó parí! Nǹkan mi ò lè sọnù mọ́ láyé." Ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tó níyì tí mo kó sórí ẹ̀ ni fídíò ìyá àgbà.

Ìyá àgbà mi ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ nígbà èwe ẹ̀. Ọ̀sán méjì gbáko ni mo fi ká a. Ó mú ìyẹ́ adìyẹ, ó ń tì í bọ inú ẹ̀kọ láfún, ó sì ń fi ọwọ́ ya iṣẹ́ sára aṣọ funfun. Kò lo páànù tí wọ́n gé ihò sí bíi tàwọn ará Abẹ́òkúta. Ọwọ́ lásán ni. Ó ń ṣàlàyé bó ṣe ń ṣe é: ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró ẹ̀lú ò ní wọ ibẹ̀, tí wọ́n bá wá fọ ẹ̀kọ kúrò, funfun á jáde láàárín aró.

Iṣẹ́ tó ń yà lọ́jọ́ yẹn ni Ìbàdàndùn. Ẹ̀yin tí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, òpó Gbọ̀ngàn Màpó wà lára ẹ̀, Màpó kan náà tí wọ́n ṣí ní 1929, tí a máa ń yàwòrán níwájú ẹ̀ títí dòní. Ìyá àgbà ń ya òpó kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀tàn ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni gbogbo ẹ̀. Ìyá àgbà papò dà ní 2023.

Ẹ wá gbọ́ ìsọkúsọ tí mo ṣe.

Ó ku ọ̀la ọdún Òkè'Bàdàn. Mo wo server, ó ti kún dé ìdá 96 nínú ọgọ́rùn-ún. Àyè ò ní gba ohun tí mo fẹ́ lọ ká. Aago kan òru ti lù, oorun ń kùn mí. Mo rí fódà méjì: "ile" àti "ile_2". Mo ní ọkàn lára mi pé ẹ̀dà "ile" ni "ile_2". N ò ṣí i wò. Mo pa á rẹ́, mo lọ sùn.

"ile_2" ni fídíò ìyá àgbà wà. Fọ́tò ìsọmọlórúkọ lásán ló wà nínú "ile".

Àwọn ìbejì mi ńkọ́? Wọ́n gbọ́ràn ni o! Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, Táyé pa á rẹ́, Kẹ́hìndé náà pa á rẹ́, lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi nìyẹn: RAID lè gbà ọ́ lọ́wọ́ hard drive tó kú, kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ ara ẹ. Kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ olè, kò lè gbà ọ́ lọ́wọ́ iná. Ìbejì tó ń gbé nínú ilé kan náà, ohun tó bá jó ilé á kan àwọn méjèèjì.

Mo tún wá fi àṣìṣe kejì lé e. Lọ́jọ́ kejì, mo da 135GB fídíò ọdún sórí ẹ̀.

Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Tẹ́ ẹ bá pa fáìlì rẹ́ lórí hard drive irú tèmi, kì í lọ lójú ẹsẹ̀. Kọ̀ǹpútà kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àyè ibẹ̀ ti ṣófo ni. Bí ìgbà tí lándíládì bá yọ orúkọ ẹ kúrò lára ilẹ̀kùn, ẹrù ẹ ṣì wà nínú yàrá. Ìgbà tí àyálégbé tuntun bá kó wọlé ni wọ́n máa da ẹrù ẹ síta. Tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ má kọ nǹkan kan sí i mọ́. Ẹ pa ẹ̀rọ náà, kí ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Èmi ti kó àyálégbé wọlé. Ọjọ́ kẹta ni mo tó mọ̀. Òru mẹ́ta ni mo fi lo PhotoRec láti wá a, àjákù tí kò ṣeé ṣí ló kó fún mi. Mo sunkún tí màmá mi fi rò pé wọ́n já mi sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹ́kù ni ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá ogójì tí mo ti gé fi ránṣẹ́ sí àǹtí mi ní Peckham lórí WhatsApp. WhatsApp ti fún un pọ̀ débi pé òpó Màpó dà bí ẹrẹ̀. Àmọ́ ohùn ẹ̀ já gaara. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni, "Àbẹ̀kẹ́, sé ó ti ń gbóhùn mi báyìí?" Ẹ má bínú sí "sé" yẹn, ọmọ Ìbàdàn ni wá.

Ìgbà tí mo ń wá ìtùnú kiri ni mo kà nípa Toy Story 2. Ní 1998, ẹnì kan ní Pixar ṣèèṣì fi àṣẹ kan pa èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù yẹn rẹ́. Wọ́n sáré lọ sídìí ẹ̀dà tí wọ́n ní, ìyẹn náà ò ṣiṣẹ́. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Galyn Susman ló kó wọn yọ. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ń ti ilé ṣiṣẹ́, ẹ̀dà kan sì wà lórí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀. Ìyàwó ọlọ́mọ ló gba fíìmù olówó gọbọi là, torí pé tiẹ̀ wà níbòmíràn.

Níbòmíràn! Ọ̀rọ̀ yẹn ló wọ̀ mí lára. Àwọn tó ń ya fọ́tò fún oúnjẹ òòjọ́ ní òfin kan, 3-2-1: ẹ̀dà mẹ́ta, orí oríṣi nǹkan méjì, kí ọ̀kan wà níbòmíràn. Ó sì yẹ kí ọmọ Ìbàdàn mọ ìtumọ̀ "níbòmíràn" ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní August 31, 1980, Ògùnpa ya wọ ìgboro. Ní August 26, 2011, omi tún ya wọlé àwọn èèyàn. Ẹ lọ bi àwọn àgbà ilé yín léèrè fọ́tò tó bá omi lọ. Nínú ẹbí tiwa, kò sí fọ́tò ìgbéyàwó kan tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé létí odò nígbà náà.

Torí náà mo tún server kọ́. Bí mo ṣe ṣe é nìyí.

Hard drive. Mo fẹ́ ra 8TB méjì. Bọ̀dá kan lọ́jà búra fún mi pé, "Àǹtí, tuntun gbáko ni, wọn ò tíì lò ó." Mo ní kó jẹ́ kí n fi laptop mi yẹ̀ ẹ́ wò. Hard drive máa ń ka wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́ sínú ara ẹ̀, smartctl ló ń gbé e jáde. Ohun tí mo rí? Wákàtí 43,000 ó lé. Ọdún márùn-ún ló kù díẹ̀ kó pé lẹ́nu iṣẹ́, tọ̀sán tòru! Mo kí bọ̀dá pé ó dàbọ̀. Ibòmíràn ni mo ti ra tèmi, ó sì tó oṣù méjì kí n tó rí owó ẹ̀ kó jọ.

Ètò. Ìbejì náà ṣì ni, àmọ́ ZFS ni mo lò lọ́tẹ̀ yìí. Lálaalẹ́, ó máa ń rántí bí gbogbo fáìlì ṣe wà, snapshot ni wọ́n ń pè é. Mo fi í sí ọgbọ̀n ọjọ́. Tí oorun bá tún kùn mí tí mo pa nǹkan rẹ́, mo lè padà sí àná. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ó tún máa ń ka gbogbo fáìlì látòkèdélẹ̀. Tí nǹkan bá ti bàjẹ́ lọ́wọ́ Táyé, á gba èyí tó dáa lọ́wọ́ Kẹ́hìndé.

Iná. Mo ra UPS. Wáyà kan so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, tí NEPA bá mú iná, tí bátìrì sì fẹ́ tán, ó máa sọ fún server kó pa ara ẹ̀ jẹ́jẹ́. Ọjọ́ tí mo ń kó fáìlì látorí àwọn 4TB bọ́ sórí tuntun, iná lọ ní agbedeméjì. Àyà mi já! Àmọ́ server sùn bó ṣe yẹ. Nígbà tí àwọn ọmọ àdúgbò pariwo "Up NEPA!", mo tún tan rsync, ó fo gbogbo èyí tó ti kó tẹ́lẹ̀, ó ń bá iṣẹ́ lọ.

Wáyà. Ó ń yà mí lẹ́nu pé 135GB ń gba wákàtí mẹ́ta kó tó dé orí server, nígbà tó yẹ kó gba bíi ogún ìṣẹ́jú. Èkúté ni o! Ó ti jẹ wáyà lábẹ́ àpò gàrí. Wáyà tín-ín-rín mẹ́jọ ló wà nínú ẹ̀. Tí mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ bá pé, á sáré ní gigabit. Tó bá ku mẹ́rin tó yẹ, ó ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá eré yẹn ló máa sá. Mo pààrọ̀ wáyà. Màmá mi ò gbé gàrí ẹ̀ kúrò.

Níbòmíràn. Àwọn hard drive 4TB àtijọ́ ò lọ sórí ààtàn. Ọ̀kan wà lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Bódìjà, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Lóṣooṣù, mo máa ń kó ohun tuntun tó ṣe pàtàkì sí èyí tó wà lọ́wọ́ mi, mo wọ mọ́tò lọ sí Bódìjà, a pààrọ̀ wọn. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo máa ń mú fáìlì kan níbi tó wù mí, mo ṣí i, mo wò ó. Ẹ̀dà tí o ò tíì ṣí wò rí, ìrètí lásán ni. Ohun tí Pixar rí nìyẹn.

Ní July 12, 2024, mo wà láàárín èrò ní Màpó nígbà tí wọ́n dé Ọba Owólabí Ọlákùlẹ́hìn ládé. Mo ká a tó. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mi ò tíì jẹun, fídíò ti wà lójú méjì. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti dé Bódìjà.

Ọdún kan ò pé tí ọba wàjà, July 7, 2025. Mo ṣí fáìlì yẹn lọ́jọ́ náà. Ó pé. Ìlù ẹ̀ pé, ariwo èrò pé. Inú mi dùn, ó sì tún bà jẹ́, torí mo mọ fáìlì tó yẹ kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Ìṣẹ́jú méjì àti ìṣẹ́jú-àáyá ogójì ti ìyá àgbà ti wà níbi mẹ́rin báyìí, tẹ́ ẹ bá ka fóònù àǹtí mi mọ́ ọn. Lóṣù tó kọjá, ìyá kan ní Ọjà'ba tí òun àti ìyá àgbà jọ pa aṣọ láró rí sọ fún mi pé ọwọ́ òun ṣì mọ Ìbàdàndùn. Mo ti lọ ká ọ̀sán àkọ́kọ́. Ó ku ọ̀sán kejì. Kò dà bíi ti ìyá àgbà, kò sì lè dà bí i.

Ẹ ò nílò server kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá fídíò kan péré nínú fóònù yín, èyí tẹ́ ẹ máa sunkún tó bá sọnù. Ẹ gbé e sí ibì kan tí kì í ṣe inú fóònù yẹn, tí kì í sì í ṣe inú ilé tí fóònù yẹn ń sùn. Ẹ ṣí i wò níbẹ̀. Kó tó dalẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́.