Ta Ni Ó Ni Ẹnu Ògiri?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yìí, ṣùgbọ́n ìgbà tí mo gba ilé ní Ẹ̀pẹ́ ni mo tó mọ̀ pé àwọn àgbà fi ìbéèrè kan sílẹ̀ fún wa nínú rẹ̀. Wọn kò sọ ẹni tí ó yẹ kí ó dí ẹnu ògiri náà. Bí ilé bá jẹ́ ti ẹni tí ń gbé inú rẹ̀, ọ̀rọ̀ tán. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé jẹ́ ti ẹnì kan, tí ẹlòmíràn ń san owó kí ó tó sùn nínú rẹ̀, tí eku sì ń gbé ibẹ̀ láìsan kọ́bọ̀, ta ni yóò po sìmẹ́ǹtì?

Ní ọdún 2018 ni mo lọ ṣe iṣẹ́ tíṣà ní Ẹ̀pẹ́ fún ọdún kan, kí n tó wọ yunifásítì. Yàrá kan ni mo gbà ní ìsàlẹ̀ ìlú, níbi tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà ti ń fẹ́ wọlé lálẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ẹ̀pẹ́, ẹ mọ̀ pé ìlú ẹja ni, ìlú tí ó sì mọ àlejò í gbà ni. Nígbà tí wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ni òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wá fìdí kalẹ̀ sí. Ìdí nìyẹn tí a fi ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́ títí di òní. Ìlú náà gba èmi náà tọwọ́tẹsẹ̀. Àṣé àwọn àlejò kan ti dé inú yàrá náà ṣáájú mi!

Ní òru àkọ́kọ́, mo rò pé àwọn ọmọdé ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù lórí àjà. Ó ku díẹ̀ kí n jáde lọ bá wọn wí, kí n tó rántí pé kò sí ọmọ ènìyàn tí í gbé orí àjà. Èkúté ni! Bí mo bá tan iná, wọn a dákẹ́. Bí mo bá pa á, wọn a tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n jẹ gàrí mi, wọ́n jẹ ọṣẹ mi, wọ́n jẹ gìgísẹ̀ bàtà tí mo fi ń lọ sí ilé-ìwé. Bí Ọlọ́run ti dá wọn nìyẹn, nítorí pé eyín iwájú eku kì í yé hù ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, àfi kí ó máa rí nǹkan run. Abo rẹ̀ kì í lóyún ju bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, ó sì lè bí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tí ó bá pa méjì lónìí kò tíì ṣe nǹkan kan. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé wọ́n jẹ ìwé ẹ̀rí owó ilé mi. Owó odidi ọdún kan ni mo san, ìwé pélébé yẹn nìkan ni ó sì jẹ́ ẹlẹ́rìí mi. Wọ́n fi orúkọ mi sílẹ̀, iye owó wọ inú eku lọ.

Mo ra tàkúté. Ó mú ọ̀kan, àwọn ìyókù sì kọ́gbọ́n. Mo wá ra oògùn eku lọ́wọ́ ẹnì kan tí ń kiri, oògùn tí kò ní ìwé kankan lára, mo bù ú sí abẹ́ ibùsùn. Eku kò fẹnu kàn án. Ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ ọdún mẹ́ta, ni ó rá wọlé nígbà tí mo gbàgbé ilẹ̀kùn, ó sì bù ú lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ gbá a dànù nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó kàn án lẹ́nu. Obìnrin náà kò bú mi. Ó kàn wò mí ni. N kò gbàgbé ìwò yẹn. Mo da oògùn náà sí ṣáláńgá lọ́jọ́ náà gan-an.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ eku kò tó ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó pa. Òun ni ó sì mú kí ìjọba dá ìgbìmọ̀ tí yóò tún ìlú Èkó ṣe sílẹ̀ ní 1928. Ní ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá ibà Lassa mọ̀, ní ìlú Lassa ní ìhà àríwá ilẹ̀ wa. Eku kan tí ó lọ́mú púpọ̀ ni ó ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ lórí oúnjẹ tàbí ohun èlò ni ènìyàn fi ń kó o. Ọdọọdún ni ó ń pa ènìyàn ní Nàìjíríà, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lóòótọ́, kì í ṣe gbogbo eku ni ó ní in, ṣùgbọ́n eku kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára.

Mo bá múra, mo lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá onílé. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ mi. Bàbá gbọ́ tán, wọ́n ní, “Tíṣà, ta ni ó ń kó ẹja sí ọ̀dẹ̀dẹ̀?”

N kò lè dáhùn. Ìyá Ẹlẹ́ja ni, opó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi. Ọjà Olúwo ni ó ti ń ra ẹja, ẹ̀yìnkùlé ni ó ti ń yan án, apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ a sì máa sùn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lábẹ́ àpò.

Bàbá ní, “Ó dára. N ó lé ìyá yẹn jáde, àwọn eku rẹ á sì bá a lọ.”

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, eku ni mo lọ fi sùn, ènìyàn ni wọ́n fẹ́ lé. Bí mo ti dé ilé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Ìyá Ẹlẹ́ja ti gbé abọ́ kan sí ẹnu ọ̀nà mi, ẹja yíyan méjì ni ó wà nínú rẹ̀. Ó mọ̀ pé oṣù ti ń parí, owó oṣù tíṣà sì ti tán. N kò lè jẹ ẹja náà. Mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo lọ ṣe. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó wá ní, “Ọmọ mi, ṣé o kò lè kọ́kọ́ bi mí ni?”

Lọ́jọ́ kejì, mo bi ọ̀gá kan ní ilé-ìwé wa tí ó mọ̀ nípa òfin. Ó ní ní 2011 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí onílé àti ayálégbé, ó sì dé Ẹ̀pẹ́. Òfin náà ní kí ayálégbé tọ́jú inú yàrá rẹ̀, kí onílé sì máa tún ìta ilé ṣe àti ibi tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò. Ó ní kí onílé fún ayálégbé ní ìwé ẹ̀rí owó tí ó bá gbà. Ẹni tí ó sì ń san owó ilé lọ́dọọdún, bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà ni ó tọ́ sí i kí a tó ní kí ó kó jáde.

Mo bèèrè bóyá kí n má san owó ilé mọ́. Ọ̀gá ní, “Má dán an wò. Ẹni tí ó jẹ gbèsè owó ilé ti fi ọ̀kọ̀ lé onílé lọ́wọ́.” Ó ní kí n kọ ẹ̀dùn ọkàn mi sínú ìwé, kí n fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú agolo. Bí onílé bá fẹ́ kí a tún ilé ṣe kí a yọ owó rẹ̀ nínú owó ilé, kí ó fọwọ́ sí i kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ̀, wolé-wolé wà ní ìjọba ìbílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ alárinà tí ìjọba Èkó dá sílẹ̀ fún ará ìlú sì wà, tí kì í gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ilé ẹjọ́ ni kí ó kẹ́yìn, nítorí a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́.

Gbogbo àwa ayálégbé ni a jọ lọ bá Bàbá ní ọjọ́ Àìkú. Ìyá Ẹlẹ́ja ni ó kúnlẹ̀ síwájú. Ó ní, “Bàbá, ẹja mi ni ó ń pè wọ́n, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹja mi kọ́ ni ó lu ihò sí ògiri.”

Bàbá wò ó títí, wọ́n sì bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n tẹ̀lé wa wá sí ilé. Ihò tí ó gba àtàǹpàkò, eku lè gbà á. Èyí tí kò ju ọmọ ìka lọ, ẹlírí lè gbà á. A ka ihò mọ́kànlá lábẹ́ òrùlé àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Bàbá san owó bíríkìlà àti ti wáyà alásẹ́. Àwa náà dá owó, a ra àgbá onídèérí méjì fún ẹja Ìyá, a sì gbé ààtàn jìnnà sí ilé. A kò fi ìgbálẹ̀ gbá ìgbẹ́ eku ní gbígbẹ, kí eruku rẹ̀ má baà wọ̀ wá nímú; omi tí a po oògùn apakòkòrò mọ́ ni a fi rin ín kí a tó nù ún. Bàbá kọ ìwé ẹ̀rí owó mìíràn fún mi, mo sì fi í sínú agolo.

Eku kò tán pátápátá, ṣùgbọ́n mo ń sùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé ta ni ó ni ẹnu ògiri, n ó ní onílé ni ó ni ín. Àwa tí à ń gbé inú ilé ni a ni ohun tí ó ń ta sánsán jáde láti ibẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ óò gba yàrá káàkiri nítorí ẹ̀kọ́, kí ẹ tó lọ fi eku sun onílé, ẹ kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn aládùúgbò yín.