Ẹ ṢỌ́RA FÚN Ẹ̀PÀ INÚ BÚRẸ́DÌ ỌMỌ YÍN

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí dé ìparí.

Ọmọ-ọmọ mi, ọmọ ọdún 3, kì í jẹ èèpo búrẹ́dì. Ìyàwó ọmọ mi wá kọ́ mi ní ọgbọ́n kan: ẹ fi ẹ̀pà lílọ̀ sórí ègé búrẹ́dì kan, ẹ fi èkejì bò ó, ẹ da ojú ife dé e, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ títí èèpo yóò fi já kúrò, tí ègé méjèèjì yóò sì lẹ̀ mọ́ra bíi mítípáì. Ọmọ á jẹ ẹ́ láìta á sáṣọ.

Àṣìṣe tèmi ni pé mo bu ẹ̀pà náà ní ṣíbí ńlá kan sáàárín gbùngbùn. Ọmọ gé e jẹ, ó ń sáré kiri, ó ń rẹ́rìn-ín. Lójijì, ilé dákẹ́. Nígbà tí mo máa wẹ̀yìn, ojú rẹ̀ ti yọ síta, kò lè wúkọ́, kò lè sunkún. Mo ń pariwo pé kí wọ́n gbé omi wá.

Ọpẹ́lọpẹ́ aládùúgbò wa tó jẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò jẹ́ kí n fún un lómi. Ó da ọmọ dojú bolẹ̀ sórí itan rẹ̀, ó gbá a lẹ́yìn. Nígbà kẹrin, ìṣù ẹ̀pà bọ́ sílẹ̀, ọmọ figbe ta. Mi ò gbọ́ igbe tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹ̀pà lílọ̀ tó ki máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀fun bí àtè, ọ̀fun ọmọdé sì kéré. Mo ṣì ń ṣe búrẹ́dì náà, ṣùgbọ́n mo ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó pọ́n tàbí omi díẹ̀ po ẹ̀pà kó lè rọ̀. Mo ń pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, mi ò sì ń pa á dé etí, kí etí lè lẹ̀ dáadáa. Mo ń gé e sí mẹ́rin. Ọmọ á jókòó jẹ ẹ́, kò sí eré sísá. Èèpo tó kù, mo ń sá a gbẹ fi bo ẹja díndín. Ẹ̀pà odindi kì í ṣe ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Bí oúnjẹ bá há ọmọ tó ti lé ní ọdún 1 lọ́fun, tó sì ń wúkọ́, ẹ jẹ́ kó máa wú u. Bí kò bá lè wúkọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ síwájú, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ gbá a láàárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, ẹ dúró lẹ́yìn rẹ̀, ẹ di ẹ̀ṣẹ́ sókè ìdodo rẹ̀, ẹ fà á sínú àti sókè lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ máa ṣe méjèèjì ní àṣetúnṣe, kí ẹlòmíràn máa pe ìrànlọ́wọ́. Ẹ má ti ìka bọ ọ̀fun ọmọ. Ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 1 yàtọ̀, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì fi ọ̀nà tirẹ̀ hàn yín.

Bí ètè ọmọ bá wú lẹ́yìn tó jẹ ẹ̀pà, tí ara rẹ̀ sú tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́mọ kan lónìí. A ò ní fi ojú sunkún ọmọ o.